Òròmọdìyẹ mi ń kú lọ́gànjọ́, ẹ gbà mí

Olóko Ìyàrá: Okun o, ẹ̀yin ará. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ẹni tó ta òròmọdìyẹ fún mi ní ara wọn le koko, owó tó gbà sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo pè é, ó ní ọyẹ́ ni. Iná ò wá láti ọjọ́ Ajé. Òru àkọ́kọ́, 9 kú. Òru kejì, 14. Oògùn wo ni kí n fi sómi wọn?

Àgbẹ̀ Mọ̀pà: Ẹ má tíì ra oògùn kankan. Mélòó ni wọ́n? Ọjọ́ mélòó? Kí lẹ fi ń mú wọn móoru? Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, 32 sí 35 lórí ìwọ̀n Celsius ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ máa fi bíi 3 dín in lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibi tí ẹ̀yìn adìyẹ ga dé ni kí ẹ gbé tẹmómítà sí, kì í ṣe òkè ògiri.

Ìyá Adìyẹ Kàbbà: Ẹ fi ojú wò wọ́n. Bí wọ́n bá ń gun ara wọn, òtútù ni. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná tí wọ́n ń yanu, ooru ti pọ̀ jù. Bí gbogbo wọn bá kó sí ẹ̀gbẹ́ kan, atẹ́gùn ń wọlé láti òdìkejì. Ẹ fi páálí ká gbogbo igun kó rí róbótó.

Olóko Ìyàrá: 100 ni mo rà, ọjọ́ kẹrin rèé. Ìkòkò èédú ni mo fi ń mú wọn móoru. Mo mọ adìyẹ í sìn o. Èérún tí káfíńtà fá ni mo tẹ́, kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n máa ń ṣà jẹ. Wọn ò sì gun ara wọn. Ibi tí kálukú sùn sí ló kú sí.

Ará Ìsánlú: Òtútù ni! Ẹ fi ìkòkò èédú kan kún un.

Olóko Ìyàrá: Méjì ló ti wà níbẹ̀. Mo tún fi tapólì bo gbogbo ibi tí wọ́n wà dé ilẹ̀, mo fi òkúta tẹ etí rẹ̀ kí ọyẹ́ má baà wọlé. Àwọn tó wà nítòsí ibi tí tapólì ti ya nìkan lara wọn yá.

Àgbẹ̀ Mọ̀pà: Ẹ ká tapólì yẹn sókè báyìí! Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró kan, ló ń pa wọ́n. Èédú tó ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti tó ló ń tú u jáde. Kò lóòórùn, ojú ò sì rí i. Ẹ la òkú kan wò: bí ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bá pupa yòò, òun náà nìyẹn. Ẹ má ki orí bọ abẹ́ tapólì yẹn o, afẹ́fẹ́ náà ń pa èèyàn pẹ̀lú.

Ará Ìsánlú: Ṣé kí ọyẹ́ wá pa ìyókù ni?

Ìyá Adìyẹ Kàbbà: Rárá o, ẹ jẹ́ á fara balẹ̀. Páálí tó ga ní 45 sẹ̀ǹtímítà ni yóò dá atẹ́gùn dúró nílẹ̀. Ẹ fi ìhà àríwá ìlà oòrùn tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá sílẹ̀ ní bíbò, kí ẹ ká òdìkejì sókè ju páálí lọ. Kí àlàfo tó fẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé yí ká, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná ráyè jáde.

Àgbẹ̀ Mọ̀pà: Ìta ni kí ẹ ti dá iná èédú, títí yóò fi pọ́n tí kò sì ní èéfín mọ́. Ẹ gbé ìkòkò lé búlọ́ọ̀kù, ẹ da iyanrìn sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi wáyà yí i ká kí èérún má baà gbiná. Èédú tó pọ́n náà ṣì ń tú carbon monoxide jáde, nítorí náà ẹ ò gbọdọ̀ dí àlàfo òkè.

Olóko Ìyàrá: Mo ti ká a. Àwọn mẹ́ta tó ti dùbúlẹ̀ ti gbórí sókè. Ṣùgbọ́n ìjàlọ ńkọ́, tí mo bá ṣí i sílẹ̀ lóru?

Ìyá Adìyẹ Kàbbà: Ẹ fi wáyà oníhò kéékèèké bo ojú ibi tẹ́ ẹ ká, ejò àti eku ò ní lè wọlé. Ní ti ìjàlọ, ẹ da eérú tó nípọn yí ilé òròmọdìyẹ náà ká, kí ẹ sì máa tún un dà tí ìrì bá ti mú un rin.