Ìyá Ẹlẹ́kọ Òkè-Àró: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ-ọmọ

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti kí wa kú àṣẹ̀yìndè, ẹ ṣeun. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ayé Màmá sínú ìwé ìsìnkú. Ohun tí àwọn àbúrò Dádì kó fún mi kò ju ojú ìwé kan lọ: wọ́n bí i ní Akúrẹ́, ó lọ́kọ, ó bímọ mẹ́jọ, ó wà nínú Ẹgbẹ́ Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sùn nínú Olúwa. Mo kà á, mo tún un kà, n kò rí Màmá níbẹ̀. Obìnrin tí kì í jókòó! Ẹ̀yin tí ẹ jẹ ẹ̀kọ rẹ̀, ẹ̀yin tó nà, ẹ̀yin tó gbà sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ tiyín kí n rí nǹkan gidi kọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣíwájú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Aago mẹ́ta òru ni iná máa ń jó lábẹ́ ìkòkò. Àgbàdo ti wà nínú omi fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó ti sẹ́ ẹ, ògì ti fìdí kalẹ̀, ó ti rọ omidùn orí rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń wá a láti fi ṣe àgbo. Ríro ló kù, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀kọ tí wọn kò rò dáadáa á ní kókó, èyí tí iná pọ̀ jù lábẹ́ rẹ̀ á jóná nídìí, kò sì sí ewé eéran tó lè bo òórùn yẹn mọ́lẹ̀. Màmá kì í fi ọmọrógùn lé mi lọ́wọ́ láé. Ewé ni mo máa ń nù. Ó ń ro ó, ó ń kọrin ìyìn, ó ń bú mi pé mo ń tòògbé, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, agbọ̀n ti kún, ó ti gbé e rù, ó di Ọjà Ọba.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí rẹ̀ ni kò tíì yanjú. Ìwé ìbúra tí wọ́n gbà ní kóòtù sọ iye kan, bọ̀dá àgbà sọ òmíràn. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni pé ọmọ kẹta òun wà lẹ́yìn òun nígbà tí Déjì Adésidá, ọba Akúrẹ́, wàjà, 1957 nìyẹn, àti pé ọwọ́ Dádì, àkọ́bí rẹ̀, ti kan etí kọjá orí nígbà tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì

Gbèsè ẹ̀kọ ló so èmi àti ìyá yín pọ̀. Ní 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ondó sílẹ̀, tí Akúrẹ́ di olú-ìlú, wọ́n kó àwa akọ̀wé kéékèèké láti Ìbàdàn wá. N kò ní ìyàwó, n kò mọ ẹnikẹ́ni, owó oṣù mi kì í rí ọjọ́ ogún. Màmá ń tà fún mi láwìn. Kò mọ̀wé kọ, àmọ́ ó ní èédú, ó sì ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Tèmi jẹ́ ìlà tó ní ìrù nídìí, nítorí táì tí mo máa ń wọ̀.

Bí oṣù bá parí, á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Owó ti yí padà láti 1973, pọ́ùn kan ti di náírà méjì, ṣílè kan ti di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n Màmá ò gba ìyẹn gbọ́. Ní ṣílè ló máa ń ṣírò gbèsè mi, á wá yí i sí kọ́bọ̀ fún èmi tí mo kàwé. Kò ṣìnà rí.

Ọmọ-ọmọ

Ẹ kú àtijọ́, sà. Kò yí padà o. Láìpẹ́ yìí ni mo fún un ní ₦1,000, ó pariwo: "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́ùn! Kí ni mo fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe?" Ó lọ ra ata, ó dé, ó ní ṣé ayédèrú ni mo fún òun ni.

Ìyàwó ilé

Ẹ má sọ ọ́ di áńgẹ́lì nínú ìwé yín o. Màmá le! Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé, mo gún iyán, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ó dáa, àwọn adìẹ á jẹ ẹ́." Mo sunkún. Ó fọ odó fúnra rẹ̀, ó mú ọmọ odó kan, ó na ìkejì sí mi, a gún òmíràn. Kò bẹ̀ mí.

Nígbà tí mo wá bí ìbejì, tí Táyé kò gba ọmú, ta ni kò sùn? Ẹ̀kọ kò jáde ní Òkè-Àró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn oníbàárà ń bínú. Ó ní kí wọ́n lọ jẹ búrẹ́dì.

Ọmọ aládùúgbò

Oṣù kẹjọ 1983. Àwa wà níbẹ̀. FEDECO, àjọ tó ń ṣètò ìbò, kéde pé Omoboriowo ti ẹgbẹ́ òṣèlú NPN ló wọlé gómìnà, pé Ajasin ti ẹgbẹ́ UPN fìdí rẹmi. Akúrẹ́ gbaná. Wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń sun mọ́tò, wọ́n ń pa èèyàn. Bàbá mi wà nínú NPN, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ó ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Ìyá mi àti àwa ọmọ ló kù nílé. Màmá Ẹlẹ́kọ, UPN pọ́ńbélé, ẹni tí kò bá bàbá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń polongo ìbò, òun ló wá fà wá jáde, ó kó wa sẹ́yìn igi ìdáná rẹ̀. Ló bá gbé ìkòkò kaná. Ọ̀sán gangan! Ta ní ń ro ẹ̀kọ lọ́sàn-án?

Mo gbọ́ ohùn wọn nígbà tí wọ́n dé, mo gbọ́ tirẹ̀ náà. Kò bẹ̀ wọ́n. Ó ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ìwọ, ọmọ ìyá aláṣọ, ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé bẹntiróòlù lo gbé dání?" "Ìwọ, ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbẹ̀bí rẹ." "Ìwọ, ẹ̀kọ mẹ́fà tí o jẹ níjẹrin, ta ni yóò san án?" Ó ní ẹni tó bá wọ ilé ìdáná òun, ẹ̀kọ gbígbóná ni yóò fi wẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Wọ́n sun mọ́tò bàbá mi, ṣùgbọ́n ilé kò jóná.

Ilé-ẹjọ́ padà dá Ajasin sípò, ọdún yẹn ń parí lọ ni sójà gbàjọba lọ́wọ́ gbogbo wọn. Màmá kò sì bá bàbá mi sọ̀rọ̀ títí Kérésìmesì fi dé. Ó gbà wá là o, àmọ́ kò dárí ìbò jì wá.

Ọmọ-ọmọ ọkùnrin, àbíkẹ́yìn ilé

Ẹ̀yin ẹ mọ ìgbà agbára rẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ọ nígbà tí wọ́n ní kó sinmi, iṣẹ́ yẹn ò ṣeé ṣe. Wọ́n ra àga onítìmùtìmù fún un, orí rẹ̀ ló ń to ewé eéran sí. Wọ́n ní kó má ta ẹ̀kọ mọ́, ó ń ta ewé fún àwọn tó ń ta ẹ̀kọ. Dádì bínú, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ó dáhùn pé, "Ṣé mo sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí ni?"

Lọ́jọ́ kan a wá a títí, a ò rí i. Ó ti gun ọ̀kadà lọ sí oko kòkó ní ọ̀nà Ìdànrè. Ìgbà tí mo fi débẹ̀, ó ti ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi bo kòkó kó lè kan kí wọ́n tó sá a, ó ń bá ẹni tó ń dá oko náà jà pé kò tíì gbóná tó, pé ẹni náà fẹ́ kó o jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé kó lè tètè rówó. Ó ní ẹni tó bá kánjú sá kòkó, òṣùwọ̀n á gbà á, ahọ́n ò ní gbà á. Mo ní ká máa lọ sílé. Ó gbé agbọ̀n lé mi lórí.

Ọmọ-ọmọ

Ọlọ́run á bù kún yín. Ti 1983 yẹn máa wọ̀ ọ́, àti èédú ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, àti iyán adìẹ, bí àwọn àgbà bá fẹ́ kí wọ́n bínú. Ẹni tó ń tẹ ìwé ní ọjọ́ Ẹtì ni òun fẹ́ gbà á. Fọ́tò ló kù. Gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ wa, gèlè ló wé, ó jókòó, ó gbẹ́nu dákẹ́. Ṣé ẹnikẹ́ni ní èyí tó ti ń ṣiṣẹ́?

Ìyàwó ilé

Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Ọmọrógùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bú ẹni tó ń ya á.

Ọmọ-ọmọ

Ẹ fi ránṣẹ́, mà. Ìyẹn ni a máa fi ṣe èèpo ìwé.