Ọdún IT lẹ́yìn ND: ṣé ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Àkúrẹ́ ni, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn onífíìmù?

Ọmọ Ọbà-Ilé béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ND, ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní poli, nínú Mass Communication, ọdún kan tí a gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́, tí a ń pè ní IT, kí wọ́n tó lè gbà wá fún HND, ìwé-ẹ̀rí kejì, ló sì kàn mí báyìí. Iṣẹ́ fíìmù ni ọkàn mi fẹ́, pàápàá kámẹ́rà àti títo àwòrán pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi ní Ọbà-Ilé, nítòsí Àkúrẹ́, ni mò ń gbé, kò sì sí owó tí mo lè fi gba ilé ní Èkó.

Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún mi. Mo lè mú lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ mi lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìlú wa, ìyẹn OSRC, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní Oríta Òbèlé, tàbí NTA Àkúrẹ́, ti ìjọba àpapọ̀. Mo sì tún lè tẹ̀lé ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe fíìmù fún YouTube, tó ní òun yóò gbà mí sínú ikọ̀ òun, kí n máa bá wọn lọ sí gbogbo lokéṣọ̀n tí wọ́n bá ń lọ, ìbáà ṣe Ìbàdàn, ìbáà ṣe Òṣogbo. Àwọn tó ti ṣe IT ní ilé tẹlifíṣọ̀n ṣáájú mi sọ pé ìjókòó lásán ni àwọn jókòó, pé wọn kò jẹ́ kí àwọn fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Àwọn tó tẹ̀lé onífíìmù náà ní oúnjẹ ni wọ́n ń rán àwọn lọ rà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo tilẹ̀ dé ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó kọ lẹ́tà fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì bá tèmi lọ.

Èwo nínú méjèèjì ni ọwọ́ mi ti lè tètè yá sí iṣẹ́ yìí? Báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀, kí n tó wọlé, bóyá wọn yóò kọ́ mi tàbí wọn yóò kàn lò mí?

Àgbà Sítúdíò dáhùn pé:

O kú oríire ìparí ẹ̀kọ́, ọmọ mi. Ẹnu iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni mo ti fẹ̀yìn tì, nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé ilé mi ni mò ń gbè, n kò ní jiyàn. Àwọn tó ní wọ́n jókòó lásán kò purọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ìdí rẹ̀. Ètò tó ń lọ ní tààràtà kò ní àtúnṣe: bí ọwọ́ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń yan àwòrán bá ṣì, gbogbo ìpínlẹ̀ ni yóò rí i. Kò sí ọ̀gá tí yóò gbé ọmọ tó dé lánàá sídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá gbọ́n kì í lọ jókòó sínú yàrá tí iṣẹ́ ti ń lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń múra sílẹ̀ ni yóò máa lọ, àwọn tó ń to iná, tó ń fi maikirofóònù há aṣọ àlejò, tó ń dán ohùn wò, tó ń to ọ̀rọ̀ ìròyìn sójú ẹ̀rọ tí olùkàròyìn ń wò. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, kò sì sí ẹni tó máa lé olùrànlọ́wọ́ padà.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ nípa ẹni tí ń ṣàkóso inú sítúdíò. Bí kámẹ́rà bá ti ṣí, kì í tún lanu mọ́. Ohùn olùdarí tó wà nínú yàrá kejì ń wọ̀ ọ́ létí, òun sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ó na ìka márùn-ún sókè, ó ń ká wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ó bá sì ká èyí tó kẹ́yìn tán, ó nawọ́ sí olùkàròyìn, ìròyìn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe èyí fún oṣù díẹ̀ yóò mọ iye ọ̀rọ̀ tí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lè gbà, kò sì ní í pẹ́ dé ibi iṣẹ́ láéláé. Kí àwọn onífíìmù wa má bínú sí mi, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣaláìní gan-an nìyí: wọ́n á pe ènìyàn ní aago mẹ́fà àárọ̀, ọ̀sán gangan ni kámẹ́rà yóò tó ṣí.

Má sì rò pé ọ̀nà ilé tẹlifíṣọ̀n kì í já sí fíìmù. Ilé tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni Túndé Kèlání, olùdarí fíìmù, ti ṣe oníkámẹ́rà, kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù sí i ní Lọ́ńdọ̀nù.

Olóhùn Lokéṣọ̀n dáhùn pé:

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, nítorí pé iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ fún fíìmù ni mò ń ṣe, Àkúrẹ́ yìí náà ni mo sì fi ṣe ibùgbé.

Àbúrò mi, fíìmù kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ní ẹnu ọ̀nà. Àwọn ènìyàn péjọ, wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n bá parí, oníkálukú a gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Ta ni yóò wá kọ lẹ́tà fún ọ ní oṣù kẹsàn-án pé o ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òun? Nítorí náà, èmi àti Bàbá jọ gbà pé kí o ní ibi tó ní àdírẹ́sì tí o fẹsẹ̀ lé. Ibi tí a ti pínyà ni pé kì í ṣe ilé tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ní àdírẹ́sì. Àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe pọ̀ nílùú yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa fojú tín-ín-rín wọn, èyí tí kò yé mi rárá. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ya àwòrán, ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń tò ó pọ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ni oníbàárà ti ń pè. Kò sí ẹni tí yóò dúró fún ọ kí o tó tan kámẹ́rà. Ìyàwó kò ní wọlé lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé àwòrán rẹ fọ́, wàá sì tètè kọ́ bí a ti ń ronú ṣáájú.

Bí o bá wá rí fíìmù bá lọ, má lọ lórúkọ ẹni tó kàn wá. Béèrè iṣẹ́ kan pàtó. Mo mọ méjì tí wọn kì í sábà rí ènìyàn fi sí.

Àkọ́kọ́ ni ti káàdì kámẹ́rà. Bí káàdì kan bá kún, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á lẹ téèpù pupa mọ́ ọn lára kí ẹnikẹ́ni má baà tún kì í bọ kámẹ́rà, wọ́n á kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí hard drive méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á ṣí àwọn fáìlì náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n pé. Ìgbà yẹn nìkan ni a tó lè pa káàdì rẹ́. Àwọn hard drive méjèèjì kò sì gbọdọ̀ sùn nínú báàgì kan náà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan odidi tí ogún ènìyàn ṣe wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe èyí, síbẹ̀ ẹni tí oorun ń kùn ni wọ́n sábà máa ń fi sí i.

Èkejì ni ti ẹni tó ń ṣọ́ bí nǹkan ṣe rí láti ìran dé ìran. Wọ́n ya ìyá àgbà níbi tó ti ń wọ ẹnu ọ̀nà ní òwúrọ̀, ìṣẹ́po gèlè rẹ̀ wà lápá òsì, ìpélé rẹ̀ wà ní èjìká ọ̀tún. Ọ̀sán ni wọ́n wá ya ibi tó ti jókòó nínú pálọ̀. Bí gèlè bá ti yí sí ọ̀tún, olùwòran yóò rí i, yóò sì fi yẹ̀yẹ́ ṣe wá lábẹ́ fíìmù lórí YouTube. Ẹni tó ń ṣọ́ èyí gbọ́dọ̀ ya fọ́tò, kí ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìjókòó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùdarí. Kò sí ibi tí ènìyàn ti lè rí bí a ti ń pín ìtàn sí wẹ́wẹ́ bí ibẹ̀.

Ní ti ohùn, ìdánwò kan ni mo máa ń fún ọmọ tó bá wá bá mi: mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí i létí, mo ní kí ó dákẹ́, kí ó wá sọ ohun tó gbọ́ fún mi. Ọ̀pọ̀ á ní àwọn kò gbọ́ nǹkan kan, nígbà tí fíríìjì ń kùn, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń hó, tí àkùkọ kan sì ń kọ lẹ́yìn ilé. Àwọn tó bá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo máa ń mú.

Ìbéèrè rẹ kejì rọrùn láti dáhùn. Ní kí ọ̀gá náà fi ẹni tó ṣe IT lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọdún tó kọjá hàn ọ́. Bí ó bá ń yí ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún sósì, kúrò níbẹ̀.

Olùkọ́ Poli dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ ìwé ni tèmi, nítorí pé mo rí i pé ẹ ti ń da nǹkan méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Oṣù mẹ́rin tí akẹ́kọ̀ọ́ poli ń lò láàárín ọdún kìíní àti ọdún kejì ND, abẹ́ SIWES ni ìyẹn wà, ètò ìkọ́ṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1973. Àwọn ti yunifásítì tó bá wà nínú rẹ̀ a sì máa lo oṣù mẹ́fà. SIWES yìí ló ní fọ́ọ̀mù, logbook (ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí) àti alábòójútó láti ilé-ẹ̀kọ́. Ọdún kan tó wà láàárín ND àti HND jẹ́ ohun ọ̀tọ̀: ìlànà NBTE, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn poli, ni, ọrùn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni gbogbo ẹrù rẹ̀ sì máa ń wà. Nítorí náà, má retí pé ẹnìkan yóò wá bẹ̀ ọ́ wò níbi iṣẹ́.

Àǹfààní wà nínú èyí. O lè fi ìdajì ọdún sí ilé tẹlifíṣọ̀n, kí o sì fi ìdajì yòókù sí ọ̀dọ̀ àwọn oní-fídíò, bí ibi méjèèjì bá lè kọ lẹ́tà tí ó sọ ọjọ́ tí o wọlé, ọjọ́ tí o jáde, àti iṣẹ́ tí o ṣe. Kọ́kọ́ béèrè ní ilé-ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ lọ fún HND bóyá wọn yóò gba lẹ́tà méjì.

Mo sì ń gbà ọ́ níyànjú pé kí o máa kọ logbook lọ, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ní kí o ṣe é. Ṣùgbọ́n má kọ ọ́ bí mo ti ń rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Wọ́n á kọ pé “A lọ ya ayẹyẹ kan ní Alágbàká,” ó parí. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Kọ ọ́ pé ojú fèrèsé ni àlejò kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí, ojú rẹ̀ ṣú, ẹ yí ìjókòó rẹ̀ padà, ẹ gbé iná ńlá sí ọwọ́ òsì kámẹ́rà, ẹ gbé kékeré sí ọwọ́ ọ̀tún láti dín òjìji kù, ẹ sì fi ẹ̀kẹta sẹ́yìn rẹ̀ kí irun rẹ̀ má baà wọ inú ògiri lọ. Ya àwòrán ibi tí ìkọ̀ọ̀kan dúró sí. Ẹni tó bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá ó ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ọbà-Ilé fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá, ẹ̀gbọ́n àti olùkọ́ wa. Mo ti rí i pé pínpín ọdún náà sí méjì ni yóò bá mi mu. Ohun kan ló kù. Obìnrin ni mí, bàbá mi sì ti sọ pé òun kò ní jẹ́ kí n máa bá ikọ̀ tí òun kò mọ̀ sun ìta. Ṣé iṣẹ́ fíìmù lè ṣeé ṣe láìsun ìta?

Ìyá Oníkámẹ́rà dáhùn pé:

Ọmọ mi, bàbá rẹ kò ṣàṣejù. Ọmọbìnrin mi wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ohun tí mo sì ń béèrè kí ó tó kúrò nílé ni ìwé ètò ọjọ́ náà: ibi tí wọ́n ń lọ, aago tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí wọ́n máa parí, ilé tí wọ́n máa sùn, àti nọ́ńbà obìnrin kan nínú ikọ̀, olùṣaralóge tàbí ẹni tó ń ṣètò aṣọ. Mo máa ń pe obìnrin náà fúnra mi. Ikọ̀ tó bá mọ ohun tó ń ṣe ti ní ìwé yìí lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Èyí tí kò bá ní in kì í ṣe ibi tí ọmọ mi ń lọ.

Fún ọdún àkọ́kọ́ yìí, mú èyí tí ẹ lè lọ kí ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìdànrè kò jìnnà sí wa, àwọn onífíìmù a sì máa lọ ya àwòrán lórí òkè náà. Àmọ́ jẹun kí o tó lọ o, nítorí pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ọmọ IT ni wọ́n sì máa ń gbé iná lé lórí.

Olóhùn Lokéṣọ̀n fèsì pé:

Òótọ́ ni Mama sọ nípa àtẹ̀gùn yẹn. Àbúrò, ilé tẹlifíṣọ̀n ni kí o kọ́kọ́ mú lẹ́tà lọ, nítorí pé àyè tí wọ́n ní fún akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ kún. Mú ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ọ̀kan padà fún ọ, kí o lè fi hàn pé o ti fi í sílẹ̀. Bí ìdajì ọdún àkọ́kọ́ bá ti ń lọ sópin, kọ ọ́ síbí, kí a jọ wo àwọn oní-fídíò tó wà lágbègbè Ọbà-Ilé. Kí o sì bá mi bi ọ̀gbẹ́ni onífíìmù yẹn ta ni ó ń tọ́jú káàdì kámẹ́rà lọ́dọ̀ rẹ̀.