Ìsọdìró ni àbí ìsọdohùn?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Àbá tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìlọrin mú wá ni mo fẹ́ fèsì sí. Iṣẹ́ kan wà tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń ṣe: wọ́n á mú ìwọ̀n ohun tó ń yí padà ṣáá, ìbáà jẹ́ ooru, ìṣàn omi tàbí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, wọ́n á sọ ọ́ di ohun tí etí ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ní kí á máa pè é ní *ìsọdohùn*. Wọ́n ní bó ṣe ń lọ sókè, tó ń wá sílẹ̀, ló ń jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ohùn ni àwa sì ń pe ìyẹn nínú èdè-ìperí, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé ìmọ̀ èdè: ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. *Ìsọdìró* ni tèmi, ìyẹn sísọ nǹkan di ìró.

Ẹ wo ẹ̀rọ tí Hans Geiger àti Walther Müller ṣe ní 1928, èyí tí wọ́n fi ń wá ìtànṣán olóró. Bí ìtànṣán bá kàn án, a dún *tá*. Bó bá pọ̀, a di *tá-tá-tá-tá*. Kò sí tòkè, kò sí tìsàlẹ̀. Bó ṣe ń yára sí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Níbo la ti fẹ́ rí ohùn níbẹ̀? Ìró ni.

Mo gbà pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka aláìsàn ní yàrá iṣẹ́ abẹ gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù, ẹ̀rọ a dún *pín*. Bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá sì ń dín kù, *pín* yẹn á máa wálẹ̀. Dókítà tó fún aláìsàn lóògùn oorun lè kọ̀yìn sí ẹ̀rọ, kó máa fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, síbẹ̀ kó ti mọ̀ pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́. Ohùn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ìró tó ní ohùn, ìró náà ni. Ìró tí kò ní ohùn ò lè di ohùn láéláé.

Etí tiwa gan-an ló ń kọ mí lóminú jù. Mo kọ iye bíi mélòó kan sílẹ̀ látọkàn mi, bí ẹni pé gíga odò Ọ̀ṣun ni, mo fi fóònù sọ ọ́ di ìró, mo sì gbé e fún onílù dùndún kan ní Ọjà Ọba, ní Òṣogbo níbí. Ó tẹ́tí, ó dojú rú, ó ní, "Ta ni wọ́n ń kì?" Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Àárín méjì, *ọkọ* ni. Àárín àti òkè, ó lè jẹ́ *ọkọ́*, ó lè jẹ́ *owó*. Àárín àti ìsàlẹ̀, *ọkọ̀*. Omi kún, etí Yorùbá ń wá owó níbẹ̀. Bí a bá wá pe orúkọ rẹ̀ ní ohùn, a ti ṣèlérí fún olùgbọ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀. Odò ò sọ nǹkan kan. Àwa là ń bi í léèrè.

Ìbéèrè yẹn gan-an sì ni *ìsọdìró* pàápàá ò kárí. Wanda Díaz-Merced, onímọ̀ ìràwọ̀ láti Puerto Rico, kò ríran mọ́, etí ló fi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ kì í jókòó tẹtẹrẹ kí wọ́n máa lù ú fún un. Á dá a padà, á mú kó falẹ̀, á pa apá kan lẹ́nu mọ́ kó lè gbọ́ èkejì, á tún ibì kan gbọ́ títí yóò fi yé e. Ẹnì kan nínú wa pe èyí ní *ìtẹ́tísílẹ̀ alájọṣe*. Ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nìyẹn ń rán mi létí, bí ẹni pé a fẹ́ yá owó. *Ìfetíwádìí* ni tèmi. Ẹni tó pèsè ìró ṣe ìsọdìró. Ẹni tó ń fi ìró náà tú ọ̀rọ̀ wò ń ṣe ìfetíwádìí. Iṣẹ́ méjì ni, kí orúkọ méjì wà.

Àléébù *ìsọdìró* kò pamọ́ fún mi. Àwọn tó ń fi fóònù kọ Yorùbá láìfàmì sí i á kọ *isodiro*, ẹlòmíì á kà á sí *ìsọdirọ́*, àwọn ìyá wa á sì máa béèrè bùbá tó bá ìró náà lọ. Kí á fàmì sí i, ti *irọ́* parí; ti aṣọ ìró, ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni yóò là á.

Ó ku orúkọ ohun tí à ń sọ di ìró gan-an, èyí tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní *dátà*. Ní ìgboro, dátà ni ohun tí à ń rà sórí fóònù, ìyẹn ò sì ṣeé yí padà mọ́. *Ìwọ̀n* ni mo ń lò ní tèmi. Kì í kárí gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ kó mú un wá, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ *àkójọpọ̀ ìsọfúnni* o. Ìyẹn ti gùn jù fún ẹnu.