Àga ọ́fíìsì D.O. àtijọ́ ní Kàbà: ṣé kí a họ ọ́, kí a tún un bò, àbí kí a fi í sílẹ̀?

Ọmọ Kàbà (ìbéèrè)
Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àga kan wà nílé wa ní Kàbà tí bàbá wa àgbà rà nígbà tí wọ́n ń ta ẹrù ọ́fíìsì D.O. (District Officer, òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè) ní gbàǹjo. Igi pupa rúsúrúsú ni, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ yípo dé apá. Ó ń yí lórí sìkúrúù irin ńlá kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin, táyà idẹ wà lábẹ́ mẹ́ta, ti ìkẹrin ti sọnù. Awọ ló bo ìjókòó, ìṣó olórí idẹ ló yí i ká. Tí ẹ bá fọwọ́ pa awọ yẹn, ìyẹ̀fun pupa á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Apá òsì ń mì, ihò wínníwínní sì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn.

Gbogbo ilé ló ń sọ pé àga Lugard ni. Ẹnìkan láti Àbújá fẹ́ rà á, ó ní kí a kọ́kọ́ ṣe é kó dán. Káfíńtà ní òun á fi sánpépà họ ọ́, òun á kùn ún ní fánísì, òun á fi fóòmù àti léda tuntun bò ó, ọjọ́ méjì péré. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Mọ̀pà
Ẹ dá káfíńtà yẹn dúró ná. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ họ dànù gan-an ni ẹni tó mọ àga ń sanwó lé lórí.

Ẹ tẹ́ aṣọ nípọn sílẹ̀, kí ẹni méjì dojú àga dé. Ẹ má gbé e ní apá rárá o, abẹ́ ìjókòó ni kí ẹ ti gbé e, torí apá tó ń mì yẹn lè tú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí iná fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ má tàn án tààrà. Àmì tí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀, nọ́ńbà ọ̀dà funfun, bébà kékeré tó ti gbó, ìwọ̀nyí ni kí ẹ wá. Ẹ ya fọ́tò wọn kí aṣọ kankan tó kàn wọ́n. Ẹ wo orí sìkúrúù kéékèèké náà. Bí ẹ bá rí olójú àgbélébùú, lẹ́yìn nǹkan bí 1935 ni irú rẹ̀ jáde sọ́jà. Ó lè jẹ́ pé àga kò dàgbà tó bí ẹ ṣe rò, ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan ti tún un ṣe rí.

Ọmọ Kàbà
Ẹ ṣeun, Bàbá. A ti dojú rẹ̀ dé. Adé kékeré kan wà níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni G, VI, R wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni P.W.D. àti nọ́ńbà funfun kan tí ìdajì rẹ̀ ti pa rẹ́. Ojú sìkúrúù gbogbo jẹ́ ìlà kan ṣoṣo.

Olùkọ́ Ìtàn, Ẹ̀gbẹ̀
Ẹ̀yin ọmọ Kàbà, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ Lugard. G VI R ni àmì Ọba George Kẹfà, 1936 ló gorí oyè, 1952 ló wàjà. P.W.D. ni Public Works Department, iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde ti ìjọba. Lugard ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láti 1919. Àti pé ní Lọ́kọ́jà níbí, níbi tí wọ́n ti ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, Lugard kò pẹ́ níbẹ̀ kí olú ìlú Àríwá tó kúrò. Ní 1902, Zungeru ló wà. Bí gbogbo àga tí wọ́n ní Lugard jókòó lé bá jẹ́ òótọ́, ìdí ọkùnrin náà kò ní sinmi.

Bí ẹ bá fi orúkọ Lugard tà á, tí olùrà bá dojú rẹ̀ dé lọ́jọ́ kan, ẹ̀tàn ni yóò pè é. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín gan-an kò sì kéré: àga ìjọba tó ní àmì, láti ọ́fíìsì D.O. ní Kàbà, láàárín ọdún 16 péré. Òun ni kí ẹ fi ìwé tì lẹ́yìn. Ẹ wá rìsíìtì gbàǹjo nínú àpótí bàbá àgbà. Rìsíìtì yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí ohun tó ní nọ́ńbà P.W.D. lára láìsí ìwé, ẹnikẹ́ni lè sọ pé ẹrù ìjọba ni. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀ sínú fóònù, kó dárúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́. Ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kàdúná ni fáìlì Kabba Province wà. Ẹ béèrè ìwé tí D.O. kan fi ń fa ọ́fíìsì lé èkejì lọ́wọ́, àti ìwé tí wọ́n fi ń ka ẹrù ọ́fíìsì. Bí nọ́ńbà yẹn bá bá ibẹ̀ mu, ẹ lè wá mọ orúkọ D.O. tó jókòó lé e.

Bí olùrà bá fẹ́ gbé e jáde kúrò ní Nàìjíríà, kó lọ bá National Commission for Museums and Monuments fún ìwé àṣẹ kó tó kan kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà
Awọ gbígbẹ kọ́ ni? Ẹ fi òrí pa á, ẹ gbé e síta kí oòrùn mú un wọlé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe bàtà.

Aláwọ Ìsánlú
Mà, ẹ má bínú, bàtà yàtọ̀. Awọ bàtà ṣì láàyè nínú. Èyí ti ń kú. Ìyẹ̀fun pupa yẹn kì í ṣe eruku. Ásíìdì ló ti jẹ okùn inú awọ já, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí awọ tí wọ́n fi omi èèpo igi ṣe tó bá ti pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ tó léèfín. Òrí, àdín tàbí Vaseline kò ní so okùn tó ti já pọ̀. Wọ́n á sọ ọ́ di dúdú, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, èbu á hù sí i tí òjò bá dé. Omi náà, ẹ má fi kàn án: ibi tí omi bá kán sí á dúdú, á sì le bí èèpo.

Ohun tó ń dì í mú ni Klucel G, ìyẹ̀fun kan tó ń yọ́ nínú ọtí. Gíráàmù 2 nínú mílílítà 100 ọtí isopropyl tí kò láwọ̀ (ti aláwọ̀ àlùkò á kun awọ). Ẹ máa wọ́n ìyẹ̀fun Klucel sínú ọtí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó; tí ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan, á di kókó. Ó di ọjọ́ kejì kó tó mọ́ kedere. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì irun rírọ̀ gbọn ìyẹ̀fun pupa kúrò lára awọ ná, ẹ tẹ́ ọ̀rá bo gbogbo igi, torí ọtí yìí ń yọ́ pọ́líìṣì àtijọ́. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí 24 láàárín. Kò ní dà bí tuntun o. Kò kàn ní máa tú mọ́ ọwọ́ mọ́ ni.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e. Bí ẹ bá fẹ́ máa lò ó dandan, ẹ fi awọ àtijọ́ sílẹ̀ níbi tó wà, ẹ rán tìmùtìmù pẹlẹbẹ lé e. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣí i kúrò, awọ màlúù mílímítà 1.2 sí 1.5 ni kí ẹ rà. Awọ ewúrẹ́ pupa ti Kánò dára lójú, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́, ojú ìṣó ló ti ń ya. Ìjókòó sẹ́ntímítà 46 ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, pẹ̀lú ìṣó olórí mílímítà 11 tó fara kanra, á jẹ nǹkan bí 167. Ẹ ra 200, torí wọ́n á tẹ̀. Ẹ fi rọ́bà bàtà sílípáàsì wé orí òòlù kó má fọ́ idẹ. Inú rẹ̀: àpò ìdọ̀họ ní ìsàlẹ̀, irun ẹṣin tàbí irun èèpo àgbọn lókè. Fóòmù máa ń di eruku yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ó sì ń gba ooru sínú.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Mọ̀pà
Ọpẹ́ fún Aláwọ. Ó ku ihò, apá, àti irin.

Ihò: ẹ gbá ẹsẹ̀ yẹn mọ́ dáadáa, ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìyẹ̀fun tuntun bá bọ́, kòkòrò ṣì wà nínú. Ẹ fi síríńjì fa oògùn kòkòrò igi tó ní permethrin sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kó kan awọ. Káńfọ̀ kò dé inú igi. Ẹ sì má fi òróró ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú kùn ún, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí páákó òrùlé. Kì í kúrò lára igi mọ́ láé.

Apá tó ń mì: gọ́ọ̀mù àtijọ́ ló ti gbẹ, ọyẹ́ sì ti fa igi sẹ́yìn. Ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn. Ẹ rọra fà á yọ, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti fínígà díẹ̀ nu gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátápátá, nítorí gọ́ọ̀mù funfun tí a ń rà ní ìgò kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù awọ, èyí tí wọ́n fi awọ ẹran sè, ni kí ẹ lò padà: ìdá kan sí omi ìdá méjì, kó mu omi di ọ̀la, kí ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sínú omi gbígbóná, má jẹ́ kó kọjá 60°C. Bó bá hó, agbára rẹ̀ ti lọ. Ẹ fi okùn tàbí rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ dì í yípo, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ mìíràn tó bá bàjẹ́, omi gbígbóná á tún tú u.

Sìkúrúù ńlá tí kò bá yí: kẹrosíìnì sára rẹ̀ lálẹ́ mẹ́ta, kí ẹ tó fi ọwọ́ yí i. Òòlù kọ́. Irin dídà ni ìdí rẹ̀, kì í tẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bó bá sì fọ́, ẹ má gbé e fún wẹ́dà tó ń fi igi wẹ́dà lásán jó irin geeti. Ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tó jó náà ni yóò tún sán nígbà tó bá ń tutù.

Dídán: ìda oyin ìdá kan, tọ́pẹ́ńtáìnì ìdá mẹ́ta. Ẹ fi ìda sínú agolo, ẹ gbé agolo sínú omi gbígbóná kó yọ́, ẹ gbé e kúrò nídìí iná pátápátá kí ẹ tó da tọ́pẹ́ńtáìnì sí i. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi aṣọ kùn ún sára igi nìkan, kí ẹ nù ún lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú.

Ọmọ Kàbà
Ẹ kú iṣẹ́ o. A ti lé káfíńtà. Táyà tó sọnù ńkọ́, ṣé ká ra èyí tí wọ́n ń tà fún àga ọ́fíìsì òde òní?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Mọ̀pà
Ọ̀pá rẹ̀ kò ní bá ihò mu, á sì máa ya igi ẹsẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan nínú mẹ́ta tó kù, ẹ fi kálípà wọn ọ̀pá rẹ̀. Ìwọ̀n ínṣì ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe mílímítà. Ẹ gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ idẹ kó fi ṣe àpẹẹrẹ. Títí ìgbà yẹn, ẹ yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kó wọn sínú ìgò, kí àga dúró lórí igi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi páákó pẹlẹbẹ sí i nísàlẹ̀, torí sìmẹ́ǹtì ń pọn omi sí igi nígbà òjò.