Yétúndé, Ìyábọ̀, Yéjídé, Yéwándé: èwo ló yẹ ọmọ tí a bí lẹ́yìn ikú ìyá àgbà?

Àbẹ̀ní_Kent

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ orúkọ ọmọ ni mo bá wá. Ìyá bàbá ọmọ jáde láyé nígbà tí oyún ti wọ oṣù karùn-ún, obìnrin la sì bí. Yétúndé ni gbogbo ẹbí ń pariwo, àmọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti ń jẹ́ Yétúndé nítorí ìyá kan náà. Ìyá tó bí ìyá ọmọ ṣì wà láyé, ara wọn le koko. Ṣé ó ṣì tọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé ọ̀kan náà ni Ìyábọ̀, Yéjídé àti Yéwándé, àbí ìyàtọ̀ wà? England la wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ bí a ṣe máa kọ ọ́ tí kò fi ní dàrú lórí ìwé ìbí.

Ọmọ_Owá

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí.

Gbogbo wọn ló ń sọ pé ìyá padà wá, àmọ́ bó ṣe padà ni wọn ò sọ bákan náà. "Yé" tó bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta nínú wọn, yèyé ló gé kúrú. Àwa Ìjẹ̀ṣà ṣì ń pe ìyá ní yèyé. Yemọja náà, yèyé ọmọ ẹja ni. Yétúndé: yèyé tún dé. Àwọn tí kò gé e kúrú ń jẹ́ Yèyétúndé tàbí Ìyátúndé. Ìyábọ̀: ìyá padà bọ̀, òun ló sì rọrùn jù lẹ́nu. Ìyábọ̀dé fi "dé" kún un. Yéjídé ní ìyá jí, ó sì dé, bí ẹni pé oorun ló sùn.

Yéwándé ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Yèyé wá mi dé, ìyẹn ni pé ìyá wá mi títí ó fi débi tí mo wà. "Mi" yẹn, ọmọ olóògbé fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, bàbá ọmọ nìyẹn, òun ni ìyá rẹ̀ wá délé. Kò sí "mi" nínú àwọn mẹ́ta yòókù.

"Mi" yìí kan náà ló di "n" tí ẹ̀ ń rí láàárín orúkọ náà. Sílébù mẹ́rin ni: Yé-wá-n-dé. "N" inú Yétúndé kò dá dúró ní tirẹ̀, ara "tún" ni, mẹ́ta péré sì ni òun: Yé-tún-dé. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun máa ń sọ Yéwándé di mẹ́ta, wọ́n á pa "mi" jẹ pátápátá. Láti kékeré ni kí ẹ ti máa pè é ní mẹ́rin fún un.

Ti ọkùnrin náà wà: Babátúndé, Babájídé, Babáwándé. Ohun tí mo sọ nípa "mi" kàn Babáwándé náà.

Àrẹ̀mú_Àgbà

Ẹ káàárọ̀ o. Oyún oṣù márùn-ún kì í dí orúkọ yìí lọ́wọ́ nílé púpọ̀. Ọjọ́ tí ọmọ wáyé ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ọjọ́ tí oyún dúró. Àwọn àgbà kan wà ṣá tí wọ́n máa ń yarí pé ọmọ ti wà nínú kí ìyá tó lọ. Ẹ tètè pe olórí ẹbí bàbá ọmọ lórí fóònù, kí ẹ má bàa máa jiyàn níwájú oyin àti iyọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe Ifá, wọ́n á ti dífá ìkọsẹ̀wáyé fún ọmọ kí ọjọ́ náà tó kò, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ ẹni tó yà.

Yétúndé méjì nítorí ìyá kan kì í ṣe èèwọ̀. Olóògbé tó fi ọmọ márùn-ún sílẹ̀ lè ní Yétúndé márùn-ún, ọ̀kan nílé ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń béèrè bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe yà sílé márùn-ún, tí a ṣì tún ń pè é lójú oórì, ìbéèrè àtijọ́ ni. Bọ́lájí Ìdòwú gbé e yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962: olóògbé ṣì wà lọ́run bó tilẹ̀ ń yà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kì í ṣe odidi rẹ̀ ló ń wá.

Ibi tí wàhálà wà ni kí ẹ pe Yétúndé níbi àríyá, kí ọmọ méjì dáhùn. Ìyẹn ni àwọn orúkọ yòókù ṣe wúlò. Ilé ẹ̀gbọ́n ti mú Yétúndé, kí àbúrò mú Yéwándé tàbí Ìyábọ̀, gbogbo ẹbí á ṣì mọ̀ pé ìyá kan náà ni.

Ní ti ìyá tó wà láyé: ẹ dárúkọ ẹni tó yà ketekete nígbà tí ẹ bá ń sọ ọmọ lórúkọ, pé ìyá bàbá rẹ̀ ni. Ẹ tún pe ìyá àgbà fúnra wọn ṣáájú ọjọ́ náà. Bí ẹ bá kàn fi "Yétúndé" ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìsí àlàyé, ó lè dà bíi pé ẹ ti kà wọ́n mọ́ àwọn tó ti lọ. Ìjà kékeré kọ́ nìyẹn.

Ẹnì kan á sì wá sọ fún yín pé orúkọ àmútọ̀runwá ni, pé ẹ ò lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan máa ń kà á mọ́ wọn lóòótọ́, èmi ò gbà. Ìgè mú ẹsẹ̀ wáyé, Àjàyí dojú bolẹ̀, Dàda gbé irun rẹ̀ wá, Òjò àti Àìná gbé ìwọ́ kọ́rùn. Ara ọmọ tàbí bó ṣe wáyé ló sọ wọ́n lórúkọ. Bí ẹ bá gbé Yétúndé síwájú agbẹ̀bí tí kò mọ ilé yín, kò sí ohun tó máa rí lára ọmọ tó máa fi mọ̀. Òfò tó ṣẹ̀ nílé ló sọ ọ́. Àbísọ ni.

Láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ obìnrin lórúkọ, ọkùnrin ọjọ́ kẹsàn-án, ìbejì ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ kẹjọ ni gbogbo wọn báyìí, ẹ ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn: ọmọ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e.

Àmì_Ohùn

Ìwé ni tèmi. Ọjọ́ 42 ni òfin fún yín ní England láti forúkọ ìbí sílẹ̀, nítorí náà kò sídìí láti sáré kọ nǹkan kí ìsọmọlórúkọ tó wáyé.

Ìwé ìrìnnà wọn kì í gba àmì ohùn. Ìlà méjì ìsàlẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kà, káríayé ni, A dé Z àti nọ́ńbà pẹ̀lú àmì < nìkan ló ń gbà. YETUNDE, YEWANDE, IYABO ni ẹ máa rí níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ láìsí àmì lórí ìwé ìjọba gbogbo kí wọ́n lè bára mu, kí ẹ wá kọ àmì rẹ̀ pé sára káàdì ìsọmọlórúkọ àti níbi gbogbo tí ọwọ́ yín bá ká.

Ìyàtọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí. Kọ̀ǹpútà ní é àti ú gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, nítorí pé àwọn èdè Yúróòpù ń lò wọ́n. Kò sí ọ̀ bẹ́ẹ̀: ọ ni (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ̀ ọ́n ni U+1ECD), tí a wá gbé àmì ohùn ìsàlẹ̀ (U+0300) lé lórí. Fọ́ọ̀mù ilé ìwé tàbí ti ilé ìwòsàn lè sọ ọ́ di àmì ìbéèrè, tàbí kí àmì náà ṣí sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Nínú àwọn orúkọ tí ẹ tò, Ìyábọ̀ nìkan nìyẹn kàn.

Bí ẹ bá sì mú Ìyábọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sórí "bọ̀". Bọ láìlámì, ti kéèyàn máa bọ òrìṣà ni. Bọ́, nǹkan já bọ́. Ẹ má sì kọ Iyabo síbì kan, kí ẹ tún kọ Iyabode síbòmíràn. Lójú akọ̀wé, èèyàn méjì nìyẹn, owó àti ìbúra lẹ máa fi tún un ṣe tó bá yá.

Rẹ̀mí_Ìlọrin

Ẹ jẹ́ kí bàbá àti ìyá ọmọ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀sìn o. Ìsìláàmù kò gba àtúnwá, ọ̀pọ̀ ìjọ náà kò gbà á, síbẹ̀ Ìyábọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí àti lọ́dọ̀ àwọn onígbàgbọ́, torí ìrántí ìyá ni wọ́n fi ń ṣe. Bí pásítọ̀ tàbí àáfà yín bá kọ̀ jálẹ̀, Olúrẹ̀mílẹ́kún ń bẹ fún ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ gbé oríkì ìyá náà fún ọmọ. Bó bá jẹ́ Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń ki ìyá, kí ẹ máa ki ọmọ ní Àṣàkẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

Àbẹ̀ní_Kent

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Yéwándé ti ń wọ̀ wá lójú. Ẹnì kan tún mú Yemisi wá pé ẹbí kan náà ni. Àti pé báwo ni wọ́n á ṣe máa gé Yéwándé kúrú?

Ọmọ_Owá

Rárá o, wọn ò tan. Ẹ ni Yẹ́misí, ó ní àmì nísàlẹ̀: Olúyẹ́misí, Olú yẹ́ mi sí, ó bu ọlá fún mi. Àìkọ àmì ló mú wọn jọra. Yésúfù náà kì í ṣe ẹbí wọn, Yusuf ti Lárúbáwá ni, ọkùnrin ló ń jẹ́ ẹ. Ìyádùnní pe ìyá lóòótọ́, àmọ́ kò sọ pé ẹnì kankan padà wá.

Ẹ má sì rò pé gbogbo Yetunde tí ẹ bá gbọ́ ni òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti mú un lò. Yetunde Price, tí wọ́n bí ní 1972, ẹ̀gbọ́n Venus àti Serena Williams ni.

Wándé ni ìkékúrú Yéwándé, ọkùnrin tó ń jẹ́ Babáwándé náà sì ń jẹ́ Wándé, kò burú. Nílé, "Ìyá mi" ni bàbá rẹ̀ á máa pè é. Ẹ sọ fún àwọn olùkọ́ ilé ìwé pé "dé" ló parí orúkọ náà, kí wọ́n má máa pè é ní "dì".