Mílíìkì agolo ń da inú ọmọ mi láàmú: kí ni kí n ṣe?
Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti ṣáájú mi, mo bẹ̀ yín, ẹ gbà mí. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ 3, omi ọyàn mi kò sì tó o mọ́, ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní mílíìkì agolo láti ọjọ́ 5 sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti mu ún tán, ikùn rẹ̀ á le, á ká ẹsẹ̀ mọ́ra, á sì máa ké títí yóò fi só. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò sì bì. Gbígbé tí mo ń gbé e lé èjìká kí ó lè gùnfẹ̀ ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣé ihò orí ìgò ló tóbi jù, àbí kí n ní sùúrù kí mílíìkì náà mọ́ ọn lára?