Ṣé orin kan ṣoṣo ló wà fún fíìmù ogun Vietnam ni?
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa fíìmù, ẹ gbà mí o. Kí ló dé tó jẹ́ pé tí hẹlikọ́pítà bá ti gbéra báyìí nínú fíìmù ogun Vietnam, "Fortunate Son" tí ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà, Creedence Clearwater Revival, kọ lọ́dún 1969 náà la máa gbọ́? Fíìmù Forrest Gump lò ó, ilé iṣẹ́ Wrangler tiẹ̀ fi polówó jíìnsì, wọ́n wá gé ibi tó ti ń bú àwọn ọmọ olówó kúrò, wọ́n fi ibi tó ti dárúkọ àsíá nìkan sílẹ̀, ó pa mí lẹ́rìn-ín gan-an. Mò ń ṣe fídíò kékeré kan nípa ogun yẹn, mi ò fẹ́ orin tó ti sú aráyé. Èwo míì lẹ mọ̀ láyé ìgbà yẹn tó gbóná? Tó bá jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, á dáa jù.